Ìbàdàn lo mọ̀, o ò mọ Láyípo: ọjọ́ méjì láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ_Tákìé (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Ènìyàn mẹ́jọ ló fẹ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ wo Ìbàdàn nígbà ìsinmi iléèwé. Ọmọdé mẹ́ta, àgbà márùn-ún, ìyá àgbà kan sì wà láàárín wọn tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. Ọjọ́ méjì ni, a ó sùn mọ́jú lẹ́ẹ̀kan. A ò torí àríyá lọ, a fẹ́ rí olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa dáadáa ni: ọgbà tí èèyàn lè jókòó sí, mùsíọ́mù tó nítumọ̀, àti àdúgbò àtijọ́. Ohun tó wà nínú ìwé wa rèé: Àgodi Gardens, ọgbà ẹranko UI (Yunifásítì Ìbàdàn), igbó IITA (ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀), mùsíọ́mù Alẹ́ṣinlóyè, gbọ̀ngàn Màpó, Láyípo (ilé gogoro tó wà lórí Òkè Aàrẹ), Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ọjà Ọ̀jẹ́, Bódìjà. Ọkọ̀ èrò la máa wọ̀. Ṣé ọjọ́ méjì á gbà á? Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Àǹtí_Òjóò

Kò lè gbà á. Ẹ yọ IITA kúrò, ibẹ̀ nìkan tó ọjọ́ kan. Ẹ yọ Bódìjà náà, àfi tó bá jẹ́ oúnjẹ lẹ fẹ́ lọ jẹ níbẹ̀.

Ohun tó ń da àlejò láàmú ní Ìbàdàn ni pé wọ́n á to ibi tí wọ́n fẹ́ lọ bó ṣe wù wọ́n, wọn ò ní wo bí ọ̀nà ṣe rí. Wọ́n á lọ sí UI láàárọ̀, wọ́n á sáré dé Màpó lọ́sàn-án, wọ́n á tún ṣẹ́rí padà sí Àgodi nírọ̀lẹ́. Inú máíkírà (takisí kékeré) ni ọjọ́ á ti ṣú bá wọn. Ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà wọlé láti Ọ̀yọ́, IITA lẹ máa kọ́kọ́ kọjá, ó di Òjóò, ó di ẹnu ọ̀nà UI, Sáńgò, Mọ́kọ́lá, títí dé Dùgbẹ̀. Ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn tò sí. Ìlú àtijọ́ ní tiẹ̀ wà lápá kejì: Gate, Ọ̀jẹ́, Bẹẹrẹ, Màpó, Ọjà'ba. Àgodi ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tó fi dára láti fi parí ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ọjọ́ kìn-ín-ní: ẹ bọ́ sílẹ̀ ní UI láàárọ̀, ẹ wà níbẹ̀ di ọ̀sán, ẹ jẹun, ẹ gba Àgodi lọ nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Ẹ sùn sí ìtòsí Mọ́kọ́lá tàbí Bódìjà. Ọjọ́ kejì: ìlú àtijọ́ láti àárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ wá gba Dùgbẹ̀ padà sílé.

Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ló dáa jù. Ọjọ́ Jímọ̀, àgbègbè Mọ́ṣáláṣí ńlá Ọjà'ba kì í ṣeé gbà láti bí aago méjìlá. Ọjọ́ Sátidé, wọ́n ti háyà Màpó fún ìnáwó, kọ́ǹpáùǹdù á kún fún kánópì àti ẹ̀rọ amóhùnbúgbàmù, ẹnikẹ́ni ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọ inú gbọ̀ngàn.

Bàbá_Adéníran

Ọ̀rọ̀ ti Àǹtí dáa. Tèmi jẹ́ ti ojú ọ̀nà.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ìdajì méjèèjì ò rí bákan náà. Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn ti di ọ̀nà oníbejì, eré lọkọ̀ á máa sá. Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ni wàhálà wà, torí ọ̀nà tóóró àtijọ́ ni gbogbo tírélà tó ń ti òkè Ọya bọ̀ ń bá yín dù. Tí ọ̀kan bá ṣubú, ọ̀nà ti dí nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè sọ wákàtí tí yóò là. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yín ti gbéra kó tó di aago mẹ́fà àárọ̀. Nígbà ìpadàbọ̀, kí aago mẹ́ta ọ̀sán má bá yín ní Dùgbẹ̀, kẹ́ ẹ má baà rin ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lálẹ́.

Kẹ́ ẹ tó sanwó ní gáréèjì, ẹ bèèrè ibi tí ọkọ̀ náà ti máa já èrò. "Ìbàdàn" nìkan kò tó. Òmíràn ń dúró ní Òjóò, òmíràn á gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ tààrà sí Ìwó Road. Tó bá gbé yín dé Ìwó Road, ẹ ti jìnnà sí UI, owó ọkọ̀ mìíràn sì rèé. Ti Òjóò ni kẹ́ ẹ wọ̀.

Táyélolú_Sábó

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé rélùwéè ò lè gbé wa lọ? Mo gbọ́ pé ó ti dé Ìbàdàn.

Bàbá_Adéníran

Ó dé Ìbàdàn láti Èkó ni, àbúrò. Ní 2021 ni wọ́n ṣí i, Mọ́níyà ló sì parí sí. Ti àtijọ́ tó lọ sókè Ọya, Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin ló gbà, kò yà sí Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Àmọ́ bí àwọn ọmọdé bá fẹ́ fojú rí ọkọ̀ ojú irin, ibùdókọ̀ Mọ́níyà wà lápá ibi tẹ́ ẹ máa gbà wọlé. Kẹ́ ẹ yẹ wákàtí tó ń gbéra wò tẹ́lẹ̀, torí bí kò bá sí ọkọ̀ níbẹ̀, ilé ńlá lásán lẹ máa bá.

Ọmọ_Akẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ń sọ̀rọ̀ Láyípo bí ẹni pé ilé ìṣọ́ lásán ni. Ẹni tí wọ́n kọ́ ọ fún ńkọ́? Ọ̀gágun Robert Lister Bower ni, Rẹ́sídẹ́ǹtì àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi sí Ìbàdàn, láti 1893 dé 1897. Ọkùnrin yìí kan náà ló yin àgbá lu Ọ̀yọ́ ní 1895, láyé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní, ilé jóná, èèyàn kú. Ní 1936 ni wọ́n wá kọ́ ilé gogoro fi ṣe ìrántí rẹ̀. Tí ọmọ Ọ̀yọ́ bá dé Òkè Aàrẹ tó fojú fò ó kọjá, ẹ má bínú sí i. Ní tèmi, Màpó tó wà lọ́hùn-ún tó èèyàn wò.

Kọ́lá_Atọ́nà

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Akẹ̀sán, ìtàn yín pé. Ìdí tó fi yẹ ká gùn ún gan-an nìyẹn, ká sì sọ ìtàn yìí fáwọn ọmọ lókè. Òkè yẹn ti wà ṣáájú Bower. Aàrẹ Látòósà, Kakaǹfò Ìbàdàn tó kú sójú ogun Kírìjì ní 1885, la fi ń pè é ní Òkè Aàrẹ. Kò sí ibòmíràn tẹ́ ẹ ti lè fojú kan ṣoṣo rí bí ìlú náà ṣe tò.

Bó ṣe rí rèé. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ lọ́ yí òpó àárín ká bí ìkarahun ìgbín, ó há débi pé ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ń lọ ò lè kọjá ara wọn láìfi ẹ̀gbẹ́ wọ́ ògiri. Ibi ìtẹsẹ̀ tó wà lápá àárín tín-ín-rín, ti apá ògiri ló fẹ̀. Nítorí náà, ẹsẹ̀ á máa tẹ apá ògiri, ọwọ́ kan á máa di nǹkan mú. Báàgì ẹ̀yìn á máa họ ògiri, ẹ kó o fún ẹni tó dúró nísàlẹ̀. Ẹ má rán ọmọdé mẹ́ta gòkè lẹ́ẹ̀kan: ọmọ kan, àgbà kan. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, àgbà ni kó ṣáájú, kí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, torí bọ́mọ bá yọ̀, iwájú ló ń ṣubú sí.

Lókè, páànù tó ti dípẹtà lẹ máa kọ́kọ́ rí, ó lọ salalu, láti ìsàlẹ̀ òkè yẹn títí ojú ò fi tó o mọ́. Ẹ wá òpó funfun Màpó lórí òkè tirẹ̀. Ẹ wá Ilé Kòkó, òun ló dá dúró gogoro lọ́nà Dùgbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí méjèèjì láti ibẹ̀ kò ní ṣìnà mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ gùn ún, aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Ní Ọ̀pẹ àti Ṣẹẹrẹ, ọyẹ́ máa ń bo gbogbo ìlú, ẹ lè dé òkè kẹ́ ẹ má rí ju Bẹẹrẹ lọ. Ẹ̀yìn òjò ni ojú ọ̀run máa ń mọ́ jù, àmọ́ ẹ jẹ́ kí àtẹ̀gùn gbẹ ná.

Ọmọ_Akẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Mo gbọ́. Kí wọ́n ṣáà sọ ọ́ lókè yẹn, kí wọ́n má kàn ya fọ́tò bọ̀ wálẹ̀.

Ọmọ_Tákìé (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ ṣé gan-an ni. Ìyá wa ò lè gun àtẹ̀gùn yẹn. Ṣé ibi kan wà tí wọ́n lè jókòó sí? Ti UI náà, ṣé wọ́n máa rìn púpọ̀?

Kọ́lá_Atọ́nà

Ní Òkè Aàrẹ, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbé ìyá dé òkè gan-an. Máíkírà tó bá ń kó èrò lẹ́sẹẹsẹ á já yín sísàlẹ̀, òkè yẹn á sì tán wọn lágbára kí ìran tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba ọkọ̀ náà ní drọ́ọ̀pù (kó gbé ẹ̀yin nìkan) láti Bẹẹrẹ, ẹ sọ fún dírẹ́bà tẹ́lẹ̀ pé kó dúró dè yín, kẹ́ ẹ sì dá iye rẹ̀ kó tó ṣí iná ọkọ̀. Ọkọ̀ yẹn náà lẹ máa fi lọ sí Màpó. Àga rọ́bà kékeré tó ṣeé ká ló yẹ kẹ́ ẹ mú dání, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pé ẹ máa rí bẹ́ǹṣì.

Àǹtí_Òjóò

Ti UI: ọgbà náà tóbi, ẹ má rò pé ẹ máa ti ẹnu ọ̀nà fẹsẹ̀ rìn dé ọgbà ẹranko pẹ̀lú ìyá. Ọkọ̀ inú ọgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọ̀ ọ́. Kí àgbà kan ó kéré tán mú káàdì ìdánimọ̀ dání, àwọn ẹ̀ṣọ́ lè bèèrè.

Ọgbà ẹranko ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kí oòrùn tó mú. Ìdí ni pé lọ́sàn-án, kìnnìún àti àwọn tó jọ ọ́ á ti wọ abẹ́ ibòji lọ sùn, àwọn ọmọ á dúró títí, ìrù nìkan ni wọ́n á rí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú ẹ̀pà tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sún mọ́ ibi tí ọ̀bọ wà. Ẹranko tí wọ́n bá ti kọ́ láti máa gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn kì í dúró kí wọ́n fún un mọ́, jíjá ló ń já a gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yà sí ìtòsí ilé ìkàwé Kenneth Dike. Ẹ wo ara ògiri rẹ̀: ihò ihò ni wọ́n fi ṣe é kí atẹ́gùn lè máa gba inú ilé kọjá, kí oòrùn má sì wọlé tààrà. Maxwell Fry àti Jane Drew ni ayàwòrán ilé tó ṣe é, lẹ́yìn tí yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ẹni tó bá ń kọ́ ilé lọ́wọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó sì ń fi gíláàsì bo gbogbo ojú ilé, kó lọ dúró síwájú ògiri yẹn lọ́sàn-án gangan.

Ilé ìyàgbẹ́: ẹ lò ó ní UI kẹ́ ẹ tó kúrò. Ní ìlú àtijọ́, kò rọrùn láti rí.

Olùkọ́_Ìtàn

Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ mùsíọ́mù. Nínú UI, Institute of African Studies tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962 ní ibi tí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà jọ sí, ẹ̀ka Archaeology náà ní tiwọn. Ohun tí wọ́n hú jáde látinú ilẹ̀ lẹ máa rí níbẹ̀: ìkòkò, irin, àpáàdì. Ibi iṣẹ́ ni o, ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni, kẹ́ ẹ sì ti wọlé kí aago méjì tó lù, torí bí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ bá ti jáde lọ, ó tán.

Èyí tó wà ní Alẹ́ṣinlóyè, ìyẹn National Museum of Unity, ọdún 2002 ni wọ́n ṣí i. Ti gbogbo ènìyàn nìyẹn: iṣẹ́ ọnà, aṣọ, eégún àti ohun ìbílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ oríṣiríṣi ẹ̀yà ilẹ̀ yìí. Ẹni tó ń mú èèyàn yíká wà, ẹ jẹ́ kó bá yín rìn, torí ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ nǹkan ò sọ ju orúkọ lọ. Kẹ́ ẹ tó gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò, ẹ bèèrè.

Àǹtí_Òjóò

Ẹ̀gbọ́n, ọmọdé ló wà lọ́wọ́ wọn. Ta ni nínú wọn ló máa dúró wo àpáàdì lẹ́yìn tó ti rí kìnnìún tán? Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ọ̀kan. Mo fara mọ́ Alẹ́ṣinlóyè.

Olùkọ́_Ìtàn

Alẹ́ṣinlóyè ò sí lójú ọ̀nà ọjọ́ kìn-ín-ní tẹ́ ẹ tò. Ọ̀tọ̀ ni ibi tó yà sí láti Dùgbẹ̀. Tí wọ́n bá fi sí ọjọ́ kejì, ó ní láti jẹ́ lẹ́yìn Ilé Kòkó, aago mẹ́ta tí Bàbá wí á sì ti kọjá. Ohun tí mo lè sọ ni pé bí ìrìn àjò náà bá bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́, kí àgbà méjì kó lọ wo ti UI fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nígbà táwọn ọmọ bá wà lọ́gbà ẹranko. Bó bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, Alẹ́ṣinlóyè, kẹ́ ẹ sì yọ Ọ̀jẹ́.

Aláṣọ_Ìsàlẹ̀Ọ̀yọ́

Ẹ ẹ̀ gbọdọ̀ yọ Ọ̀jẹ́ o! Ẹ tilẹ̀ gbọ́ ti ọjọ́ ọjà ná. Ọjà ojoojúmọ́ wà ní Ọ̀jẹ́: ọṣẹ dúdú, òrí, àdín, ewé àti egbò. Ọjà aṣọ òkè lọ́tọ̀, ìtàdógún ló ń ná, àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn àti tiwa níbí ló ń kó o lọ. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń hun òfì ládùúgbò yín, á sọ ọjọ́ tó kàn. Bí ọjọ́ yín bá bá a mu, kẹ́ ẹ dé ibẹ̀ ní àárọ̀ kùtù. Àwọn alájàpá máa ń kó èyí tó dáa lọ kí oòrùn tó yọ tán.

Bí a ṣe ń mọ èyí tó dáa: aṣọ òkè kì í ní ìbú bíi ti áńkárá, ó máa ń wá ní ọ̀já ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan ò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbà lọ. Ẹ na ọ̀kan sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín òwú, ahunṣọ ò lù ú tó, yóò máa fà lẹ́yìn ìfọ̀ kan. Ẹ wá wo etí méjèèjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí etí bá ń wọnú níbì kan tó sì ń yọ síta níbòmíràn, kò sí bí aránṣọ ṣe lè dà wọ́n pọ̀ tí kò ní ká. Ẹ wò ó lẹ́yìn pẹ̀lú, òwú tó bá ń fò lórí iṣẹ́ ọnà kò gbọdọ̀ gùn ju ìka kan lọ, òrùka á máa fà á yọ. Ẹtù aláró, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù díẹ̀ nu igun rẹ̀: bí àwọ̀ bá yọ ràì sára rẹ̀, aró náà kò mu. Sányán tí wọ́n fi òwú kòkòrò inú igbó hun ṣọ̀wọ́n gan-an lóde òní. Àwọ̀ sányán lẹ máa rí jù, kì í ṣe sányán, ẹ má san owó sányán lé e. Kẹ́ ẹ ka ọ̀já inú ìdì kẹ́ ẹ tó sanwó, lójú ẹni tó ń tà á.

Igbá fífín ńkọ́? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti kó o lọ, ẹ máa rà á lọ́dọ̀ wa nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀.

Táyélolú_Sábó

Ọ̀gá Aláṣọ ti polówó ọjà 😂

Olófèéèré

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti IITA fún ẹni tó bá fẹ́ lọ lọ́jọ́ mìíràn. Kì í ṣe ọgbà tí èèyàn kàn ń rìn wọ̀. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ni, láti 1967, ilẹ̀ rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún kan hẹ́kítà, nǹkan bí 350 nínú rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún igbó. Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà láìṣe pé wọ́n ń retí rẹ̀, wọ́n á dá a padà, owó ọkọ̀ rẹ̀ ti ṣòfò. Ẹ kọ̀wé tàbí kẹ́ ẹ pè wọ́n ṣáájú, kẹ́ ẹ fi iye èèyàn àti wákàtí ránṣẹ́.

Ẹyẹ ló ń mú àwọn tó mọ̀ lọ. Ọ̀kan wà nínú ìdílé ẹ̀gà, Ibadan malimbe ni wọ́n ń pè é, ara rẹ̀ dúdú, orí àti àyà rẹ̀ pọ́n. Ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé, iye rẹ̀ kò sì pọ̀ mọ́ torí igbó ń tán. Aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ni kẹ́ ẹ wà nínú igbó. Ṣòkòtò gígùn, bàtà tó bo ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ nítorí ìjàlọ. Aṣọ pupa àti funfun, ẹ fi sílé. Òkè igi ni malimbe ń gbé, ẹni tí kò ní awò awọ̀nàjíjìn á kàn máa gbọ́ ohùn ni.

Ọmọ_Tákìé (Ògbómọ̀ṣọ́)

Àgodi Gardens ńkọ́? Ṣé ẹranko ṣì wà níbẹ̀?

Kọ́lá_Atọ́nà

Àgodi, ẹ má torí ẹranko lọ síbẹ̀. Ọgbà ẹranko àti ti ewéko ni tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, láti 1967, kí omíyalé Ògùnpa tó bà á jẹ́ ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹjọ 1980. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ibi ìgbafẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ dà: adágún omi, igi ńlá, pápá tí èèyàn lè tẹ́ ẹní sí, omi ìlúwẹ̀ẹ́. Ìyá yín ló máa gbádùn ibẹ̀ jù. Ẹní méjì, omi, aṣọ ìpààrọ̀ fáwọn ọmọ, ó parí. Ẹ bèèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá wọ́n gbà kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ wọlé, kẹ́ ẹ tó gbé kúlà kọjá. Owó omi ìlúwẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí owó ìwọlé, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ bọ́ṣọ kẹ́ ẹ tó mọ iye rẹ̀.

Ìtòsí ibẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti gbé ti àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà jáde, ní 1959. Ìta lẹ máa ti wò ó.

Ní Màpó, gbọ̀ngàn náà ti wà láti 1929. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ẹ wọlé. Bí kò bá ṣí, òpó iwájú àti ìran ìlú láti orí àtẹ̀gùn tó yín. Láti ibẹ̀, ẹni tó lẹ́sẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kúdẹtì, níbi tí David àti Anna Hinderer tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n mú ẹ̀sìn Kristẹni dé Ìbàdàn ní 1853. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn àti ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Ẹ kí àwọn tẹ́ ẹ bá lójúde kẹ́ ẹ tó gbé kámẹ́rà. Agboolé onílé ni gbogbo ibẹ̀, ẹni tó bá kí wọn dáadáa, wọ́n á tún mú un lọ wo ohun tí kò mọ̀ pé ó wà. Wọ́n ṣáà ní Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì.

Bàbá_Adéníran

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá dé Dùgbẹ̀, kó rántí pé Ìyágankú ò jìnnà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pa Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ wa, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àti Aàrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ní ọjọ́ 15 Oṣù Kìíní 1966. Àdúgbò ilé ìjọba ni, ẹ má gbé kámẹ́rà síta. Ẹ kàn gbà á kọjá.

Dírẹ́bà_Sáńgò

Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa náà. Máíkírà ń gbé èrò mẹ́ta lẹ́yìn, méjì níwájú. Ẹ̀yin mẹ́jọ á gba ọkọ̀ méjì, kí àgbà tó mọ̀nà wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ibi kan náà fún dírẹ́bà méjèèjì. "Bẹẹrẹ" kò tó, ẹ sọ apá tí ọkọ̀ máa dúró sí.

Ṣéńjì ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Bí ẹni méjì bá na owó ńlá, dírẹ́bà á kó ṣéńjì àwọn méjèèjì sọ́wọ́ ẹnì kan, á ní kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ lọ pín in. Ẹnì kejì yẹn lè má sì ní ẹyọ owó, ẹ ó wá máa kiri ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì. Ẹ sọ owó di ọgọ́rùn-ún, igba àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láti Ògbómọ̀ṣọ́, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó wọlé pé ẹgbẹ̀rún kan ló wà lọ́wọ́ yín, bí kò bá sí nǹkan mìíràn. Iye owó ọkọ̀ kì í dúró sójú kan, epo ló ń pinnu rẹ̀. Èrò tó jókòó tì yín ni kẹ́ ẹ bi, ẹ má bi èmi 😀

Ìyá_Abúlà

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ẹ ṣe é o. Ẹ jẹun kí aago kan tó lù. Àmàlà tí wọ́n rò láàárọ̀ ṣì wà lórí iná nígbà yẹn, gbẹ̀gìrì kò sì tíì di omi. Lẹ́yìn aago méjì, èrò ọ́fíìsì ti gbẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ní Bódìjà àti Mọ́kọ́lá, ṣíbí ni wọ́n fi ń ka àmàlà, ẹran lọ́tọ̀. Ẹran ló ń gbówó, kì í ṣe àmàlà, nítorí náà ẹ bèèrè iye ṣàkì, iye pọ̀nmọ́, iye bọ̀kọ́tọ̀ kí wọ́n tó bù ú sínú abọ́. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ ò lè ṣe kẹ́ ẹ má jẹ láfún, ẹ tètè sọ ọ́, torí àmàlà dúdú ni wọ́n máa bù fún yín bẹ́ ẹ bá dákẹ́.

Ọmọ_Tákìé (Ògbómọ̀ṣọ́)

Adúpẹ́ gan-an. Bá a ṣe tún un tò rèé. Ọjọ́rú: ọkọ̀ Òjóò, aago mẹ́fà àárọ̀ kù díẹ̀. Ọgbà ẹranko UI, àgbà méjì lọ sí mùsíọ́mù inú ọgbà, ilé ìkàwé, oúnjẹ ní Bódìjà kí aago kan tó lù, Àgodi láti aago mẹ́ta. A sùn sí Mọ́kọ́lá. Ọjọ́bọ̀: Màpó ní aago mẹ́jọ, Láyípo, Kúdẹtì, Ọ̀jẹ́, ká wá lọ wo Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ká sì gba ilé lọ. Alẹ́ṣinlóyè àti IITA di ọjọ́ mìíràn.

Kọ́lá_Atọ́nà

Ó kù díẹ̀. Ẹ yí ọjọ́ kejì padà. Láti Mọ́kọ́lá, Gate lẹ máa gbà lọ sí ìlú àtijọ́, Ọ̀jẹ́ lẹ sì máa kọ́kọ́ bá, kó tó di Bẹẹrẹ. Ẹ dé Ọ̀jẹ́ ní aago méje, ẹ lo wákàtí kan péré, ẹ gba drọ́ọ̀pù ní Bẹẹrẹ lọ sí Láyípo kí oòrùn tó mú, kẹ́ ẹ wá lọ sí Màpó. Kúdẹtì, àwọn tó lẹ́sẹ̀ nìkan, kí ìyá dúró pẹ̀lú ọkọ̀ ní Màpó. Láti Ọjà'ba, ọkọ̀ Dùgbẹ̀ tó gba Ògùnpa wà. Ilé Kòkó ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ: ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, ọ́fíìsì ló sì wà nínú rẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn kàn gun òkè lásán. Ẹ dúró ní òdìkejì títì kẹ́ ẹ tó gbé ojú sókè, bẹ́ ẹ bá wà nídìí rẹ̀ ẹ ò ní rí orí rẹ̀.

Àǹtí_Òjóò

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Dùgbẹ̀, ẹ má wọ ọkọ̀ tó ń pe "Sáńgò" nìkan, ẹ ó tún wọ òmíràn. "Òjóò" ni kẹ́ ẹ dúró dè. Ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ń kún níbẹ̀ ní kíákíá kí aago mẹ́rin tó lù. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ nìkan ló máa ń pọ̀.